Orin Kan, Èdè Méjì: Àkọsílẹ̀ Olórin Adáṣe Tó Ń Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ya Kàtúùnù

Alẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Olórin náà dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, èmi sì wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ègbè orin rẹ̀ tán, ó sì dùn. Ó wá fẹ́ fi Yorùbá kọ ọ́ lórí ohùn orin kan náà. Gbólóhùn tó parí ègbè náà ni "ìgbà ń lọ". Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó tún un kọ. Ó tún un kọ, mo dá ẹ̀rọ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Ṣé mo ṣìnà ni?"

"O ò ṣìnà. Wá gbọ́ ohun tí o kọ."

Mo tẹ̀ ẹ́ kó gbọ́. Ohùn orin náà gbéra láti àárín, ó sì gun òkè lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ìgbà kọ́ ni etí ń gbọ́ mọ́. Igbá ni. Igbá ń lọ. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bọ́ ohun tó fi sétí, ó gbé e sórí tábìlì, kò sì sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Mo gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ èyí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ orin náà. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ iṣẹ́ yìí ń pọ̀ sí i, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí: ṣé ẹnì kan lè kọrin ní èdè méjì, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ya fídíò orin náà, kó má wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ orin kankan, kó sì rí nǹkan jẹ nídìí rẹ̀? Ó lè ṣe é. Mo fojú ara mi rí i. Àmọ́ agbára ẹnì kan ló ní, ibi tó bá ná an sí ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà á jáde síta tàbí á kú sórí tábìlì.

Àwòrán ló mọ̀ kó tó mọ orin. Kàtúùnù kéékèèké, tí èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, ló ń fi Krita àti Blender yà, ètò kọ̀ǹpútà méjì tí ẹnikẹ́ni lè gbà láìsanwó. Kò fẹ́ fi orin olórin sábẹ́ àwòrán rẹ̀, nítorí náà ó wá gìtá, ó ń kọ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń wò ó fi ń béèrè pé ta ló kọrin. Bó ṣe di olórin nìyẹn. Yorùbá ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kàwé. Orin rẹ̀ jẹ́ pọ́ọ̀pù tó rọra: gìtá kan, ohùn kan, ìlù tí kì í pariwo. Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ orin, òun ló ń kọ ọ́, òun ló ń yà á. Èmi ń bá a gba ohùn sílẹ̀, mo sì ń bá a tò ó.

Ìṣirò tí kò ṣeé sá fún

Ètò rẹ̀ fún orin yìí rọrùn láti fẹnu sọ. Yóò kọ ọ́ lódindi ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò tún kọ ọ́ lódindi ní Yorùbá, fídíò kàtúùnù kan ṣoṣo ni yóò sì sin àwọn méjèèjì.

Orin náà gùn tó ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48. Ìṣẹ́jú-àáyá 168 nìyẹn. Férémù 24, ìyẹn ẹyọ àwòrán 24, ni fíìmù máa ń fi kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà férémù 4,032 ló wà nínú orin náà. Àwọn oníkàtúùnù kì í sábà ya àwòrán tuntun fún férémù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á jẹ́ kí àwòrán kan dúró fún férémù méjì, ojú kò sì ní fura. Ó kù àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, 2,016 fún gbogbo orin. Ó fi aago wọn ara rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì rí i pé àwòrán kan ń gba ogún ìṣẹ́jú, àti yíyà àti kíkùn. Wákàtí 672. Bó bá ń ṣe wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ tí kò sinmi, ọjọ́ 84 ni, kó tó kan ti orin fúnra rẹ̀, kó tó kan ti iṣẹ́ tó ń fún un ní owó oúnjẹ.

Mo sọ ti ẹgbẹ́ a-ha fún un. Ọmọ Nọ́wè ni wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọrin. Orin tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n, Take On Me, ti kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1984, kò rìn. Wọ́n tún un gbà sílẹ̀, Steve Barron darí fídíò mìíràn fún un, lọ́dún 1985 ó sì gba gbogbo ayé kan. Michael Patterson àti Candace Reckinger ló ya àwòrán inú rẹ̀, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta férémù, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni méjì nìyẹn, tí wọn ò ní orin kankan láti kọ, tí ilé-iṣẹ́ orin ńlá sì dúró tì wọ́n lẹ́yìn. Gorillaz náà, ẹgbẹ́ olórin inú kàtúùnù tí gbogbo èèyàn ń fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹni méjì ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1998: Damon Albarn ń kọrin, Jamie Hewlett ń yàwòrán.

"Ìwọ nìkan lo fẹ́ ṣe ti ẹni méjì," ni mo sọ fún un.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sáà bá mi wá ibi tí a ti lè dín in kù."

A kọ́kọ́ wo ègbè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wá nínú orin náà, ìṣẹ́jú-àáyá 18 nígbà kọ̀ọ̀kan. Bó bá yà á lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún un lò lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán 432 ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Wákàtí 144 nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn, ó fi kálàmù rẹ̀ fa igi sórí ìwé ìṣirò náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti le ni pé ègbè yẹn ò lè dúró bó ṣe wà. Igbá ṣì ń lọ.

Èdè tí kò gba gbẹ̀rẹ́

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ mú wá láti tún un ṣe jẹ́ ti ẹni tó mọ àwòrán: "Mo lè ya aago síbẹ̀. Ẹni tó bá rí aago á mọ̀ pé ìgbà ni mò ń sọ."

Mo ní rárá. Bí Yorùbá bá ní láti rí aago kó tó gbọ́ Yorùbá, orin náà ò tíì pé. Mo mọ̀ pé àwọn olórin mìíràn máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní etí á tún un ṣe fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé etí ń tún nǹkan ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí ló parí ègbè, òun ni àwọn èèyàn yóò máa kọ lẹ́nu lọ. A ò lè fi òun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ mìíràn láti bá a gbà á là.

Ẹ wo bí gbólóhùn náà ṣe rí. Ìgbà: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Ń: ohùn òkè. Lọ: ohùn àárín. Tí orin bá máa bọ̀wọ̀ fún un, ó ní láti wà nísàlẹ̀ fún sílébù méjì, kó fò sókè, kó rọra sọ̀ díẹ̀. Kò pọn dandan kí orin wà níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu wà gẹ́lẹ́, nítorí orin ń gbòòrò ju ọ̀rọ̀ lọ. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yí padà ni ibi tí ohùn dojú kọ: tí ọ̀rọ̀ bá ń gòkè kí orin máa gòkè, tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ kí òun náà máa sọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò bìkítà fún èyí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà lè gòkè nínú orin kan kó wálẹ̀ nínú òmíràn, ìtumọ̀ rẹ̀ ò ní yẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ló ń ṣọ́.

Láti ibẹ̀ ni a ti rí ohun tí mo kà sí ẹ̀kọ́ tó tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, mo sì ti rí i láti ìgbà náà pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú orin mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ohùn orin náà kó tó mú Yorùbá wọ inú rẹ̀. Ṣe ni ká dá a padà. Èdè tí kò gba gbẹ̀rẹ́ ni kó kọ́kọ́ wọlé, kó yan ibi tí yóò jókòó. Èyí tó gba gbẹ̀rẹ́ á wá àyè tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó sọ ègbè náà sínú fóònù rẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, láìkọrin. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó yan èyí tó dùn mọ́ ọn jù. Ó gbé gìtá, ó ń wá ohùn tó tẹ̀lé ìsọ̀rọ̀ yẹn, ó sì rí i kí ilẹ̀ tó mọ́. Ègbè tuntun náà yàtọ̀ pátápátá sí ti àkọ́kọ́. Ó wálẹ̀ níbi tí ti àkọ́kọ́ ti ń gòkè. Ní ti èmi, ó dùn jù ú lọ. Ó dà bíi pé ẹni tó ń kọ ọ́ ti rẹ̀, ó sì ń sọ òótọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a tún ìlà mẹ́rin nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ṣe. Kí orin tó jáde, àwọn méjèèjì kọ ọ́ sílẹ̀ sójú ìwé kan, iye tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ orin, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ kí ẹ mú èyí ní pàtàkì. Láti ìgbà Àdéhùn Berne ti ọdún 1886 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ń gbà pé ẹni tó kọ iṣẹ́ ló ni ín, òun náà ló sì ni àṣẹ ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn. Orin bí eléyìí ní ohun ìní mẹ́ta nínú: ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn orin, ohùn tí a gbà sílẹ̀, àti àwòrán. Ẹni tó ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe máa ń rò pé kò sí ohun tí ó fẹ́ pín, títí ẹnì kan á fi ràn án lọ́wọ́.

Ẹnu

Ègbè ti tò. Ó wá kan yíyà.

Àwọn oníkàtúùnù kì í ya ẹnu tuntun fún ìró kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwòrán ẹnu bíi mélòó kan tí wọ́n ń pààrọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Preston Blair, tó ti ṣiṣẹ́ ní Disney, ya bíi mẹ́wàá fún Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń lo irú rẹ̀ títí dòní: ẹnu kan fún a, òmíràn fún o, èyí tó pa dé fún m, b, p, èyí tí eyín kan ètè fún f, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni olórin náà ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní ètò kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú tó ń ka ọ̀rọ̀, tó sì ń to ẹnu náà fúnra rẹ̀. Ó fún un ní "ìgbà". Ètò náà rí g, ó fi ẹnu tó là díẹ̀ tí eyín hàn síbẹ̀. Ó rí b, ó pa ẹnu dé. Ọmọ inú àwòrán náà wá ń sọ ohun tó jọ ì-gì-bà.

Ó pè mí wá wò ó. Ó ti gbé dígí kékeré kan ti kọ̀ǹpútà, bí àwọn oníkàtúùnù ṣe máa ń ṣe, ó ń pe ọ̀rọ̀ náà, ó ń wo ètè ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìka kan ètè yín, kí ẹ wá pe 'gbà'."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ètè mi ti pa dé kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ́ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí g kan tó ń dúró de b. Ìró kan ni, ẹ̀yìn ahọ́n àti ètè ń pa dé pọ̀, wọ́n ń ṣí pọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń pè é, n kò wo ibi tí ètè mi ń lọ rí. P wa náà, bákan náà ni. Ẹni tó bá wo ìwé nìkan á ṣìnà, torí ìwé kọ g àti b, ètè sì ń ṣe ẹyọ kan.

Ó pa ètò kọ̀ǹpútà yẹn tì, ó jókòó ya ẹnu fún Yorùbá. Mọ́kànlá ló jáde. Fáwẹ̀lì méje, tí ọ là ju o lọ, tí ẹ sì là ju e lọ. Àwọn aránmúpè ń yá ti àwọn yòókù lò, nítorí imú ni wọ́n fi yàtọ̀, ètè ò sọ fún wa. Ẹnu kan tó pa dé fún b, m, gb àti p. Ọ̀kan fún f. Ọ̀kan tí ahọ́n ti hàn lẹ́yìn eyín fún l, n, t, d. Ọ̀kan fún ìdákẹ́jẹ́. Àwọn kọ́ńsónáǹtì tó kù ń wọ inú fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé wọn. Ó sì rí ohun kan tó mú un láyọ̀ gan-an: nítorí pé sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, ẹnu sábà máa ń là ní ìparí sílébù. Ẹnu tó ń kọ Yorùbá ń ṣí, ó ń dé, ó ń ṣí. Ó ní ó rọrùn láti yà, ó sì lẹ́wà lójú.

Ohun tí ètè kò lè sọ ni ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè. Ìgbà àti igbá, ẹnu kan náà ni. Ó ronú sí i fún ọjọ́ méjì, ó sì gbé e lé orí lọ́wọ́. Ní ègbè, orí ọmọ inú àwòrán náà ń wálẹ̀ díẹ̀ lórí ohùn ìsàlẹ̀, ìpéǹpéjú á wálẹ̀ tẹ̀lé e. Lórí ohùn òkè, àgbọ̀n á gbéra. Ó kéré débi pé ẹni tí kò mọ̀ kò ní rí i. Ara ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Mo wo "ìgbà ń lọ" yẹn nígbà tó yà á tán: orí wálẹ̀, ètè pa dé, ó ṣí sí à, orí ṣì wà nísàlẹ̀, àgbọ̀n gbéra lórí ń, ó sọ̀ díẹ̀ lórí lọ. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣáájú ohùn rẹ̀ pẹ̀lú férémù kan, nítorí ẹnu èèyàn máa ń múra kí ohùn tó jáde.

Lẹ́yìn èyí ló fi Gẹ̀ẹ́sì sórí àwòrán kan náà láti dán an wò. Ó bàjẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà, time, ẹnu ń là láti ìbẹ̀rẹ̀, m ló ń pa á dé ní ìparí. Nínú ìgbà, àárín ni ètè ti ń pa dé, ìparí ń là. Wọn ò lè pàdé. Tí fídíò kan bá máa sin orin méjèèjì, ó ní láti ya ẹnu mìíràn fún gbogbo ibi tí orin ti wà nínú ẹ̀dà kejì, bí ìṣẹ́jú-àáyá 110. Àwòrán ẹnu 1,320 nìyẹn.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Mo ní kó fara dà á, kó ṣe ẹ̀dà méjèèjì, torí pé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá á lọ síbi ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùgbọ́ á sì di ìlọ́po méjì. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó dúpẹ́, ó sì ṣe ohun mìíràn. Ó sọ orin méjèèjì di ẹyọ kan: Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹsẹ orin, Yorùbá nínú ègbè. Nínú ẹsẹ, ọmọ inú àwòrán ń rìn lọ lókèèrè, a ń rí ẹ̀yìn rẹ̀, a kì í rí ẹnu rẹ̀. Níbẹ̀ àwòrán kan ń dúró fún férémù mẹ́rin, mẹ́fà péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ègbè, ojú rẹ̀ kún gbogbo fèrèsé àwòrán, gbogbo ẹnu rẹ̀ pé pérépéré. Ẹ bá mi ṣírò: ègbè 18 lọ́nà 12, 216. Ẹsẹ àti ìyókù, ìṣẹ́jú-àáyá 114 lọ́nà 6, 684. Àpapọ̀ rẹ̀, 900. Wákàtí 672 ti di 300, ibi tó sì yẹ kó pé ni ó ti pé. Ó ń ṣe wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, kò gbà kó lé e, nítorí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ti dùn ún rí nídìí iṣẹ́ yìí débi pé kò lè di ọrùn gìtá mú. Ọjọ́ 75 ló fi parí rẹ̀.

Ìtumọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú èdè méjèèjì wà nínú fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán. Kò yà á mọ́ fídíò. Èdè mìíràn lè wọlé lọ́la, kò ní fọwọ́ kan àwòrán kankan.

Orúkọ méjì

Orúkọ tó ń lò fún orin ní ẹ àti ọ nínú, àmì ohùn sì wà lórí wọn. Nínú ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. A ní láti fi àmì kún ọ, kí fọ́ńtì sì mọ bí yóò ṣe tò wọ́n. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ò mọ̀ ọ́n, àmì á sá lọ sórí lẹ́tà kejì tàbí kó di àpótí òfìfo. Nínú fídíò, ó fọwọ́ kọ orúkọ náà fúnra rẹ̀, ó sì lẹ́wà ju fọ́ńtì èyíkéyìí lọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ọwọ́ tó lè kọ ọ́ fún un.

Kí fídíò tó parí, ó ti gbé orin náà jáde. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá a pín in sórí àwọn ìkànnì orin kọ̀ láti gba àmì ohùn nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, olórin náà sì kọ orúkọ ara rẹ̀ lásán, láìsí àmì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí fídíò ti wà nílẹ̀, ó kó orin náà pẹ̀lú mẹ́ta mìíràn sínú àwo orin kékeré kan. Fọ́ọ̀mù náà ti ń gba àmì nígbà yẹn. Inú rẹ̀ dùn, ó kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Fọ́ọ̀mù bi í bóyá orin náà ti ní nọ́ńbà ISRC, ó fò ó kọjá.

Mi ò lè dá a lẹ́bi, torí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un rí. ISRC ni nọ́ńbà oníhóró 12 tí wọ́n fi ń dá ohùn tí a gbà sílẹ̀ mọ̀. Ohùn tí a gbà lọ́tọ̀, nọ́ńbà lọ́tọ̀. Ohùn kan náà tó lọ sínú àwo mìíràn, nọ́ńbà rẹ̀ ló ń gbé lọ. Ó fò ó, wọ́n sì fún orin náà ní nọ́ńbà tuntun. Ní ojú kọ̀ǹpútà, orin méjì ló wà báyìí, ti olórin méjì, tí orúkọ wọn jọra.

Láti ọdún 2024 ni Spotify, ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì orin náà, ti ń sọ pé orin tí kò bá tó ìgbọ́ 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní gba owó. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò tó ẹgbẹ̀rún. Èkejì náà kò tó. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, wọ́n kọjá ẹgbẹ̀rún dáadáa.

Kò tíì tán síbẹ̀. Nígbà tó forúkọ orin sílẹ̀, ó ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa bá a ṣọ́ orin náà lórí YouTube. Content ID ló ń ṣe èyí: wọ́n fi ohùn orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, á máa fi wé gbogbo fídíò tó bá wọlé. Ó gbé fídíò rẹ̀ sórí ìkànnì tirẹ̀, ẹ̀rọ náà sì rí orin inú rẹ̀, ó fi ẹ̀sùn kàn án pé orin onílé ni. Onílé náà, òun ni. Ó pè mí ní òwúrọ̀ yẹn, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní orin mi kì í ṣe tèmi."

A jókòó, a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a ṣe rèé, fún ẹni tó bá bá ara rẹ̀ níbẹ̀. A wá ISRC àkọ́kọ́ jáde. A ní kí ilé-iṣẹ́ náà yọ ẹ̀dà kejì, kí wọ́n tún un gbé lọ pẹ̀lú nọ́ńbà àtijọ́, fáìlì ohùn kan náà, gígùn kan náà. A ní kí wọ́n da ojú-ìwé olórin méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ tó ní àmì. A fún wọn ní ìkànnì YouTube rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àwọn tí ẹ̀sùn kò gbọ́dọ̀ kàn mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà, lẹ́tà sì pọ̀. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ tí kò ní àmì ṣe orúkọ gidi, torí òun ló pẹ́ jù. Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń tẹ èsì náà: "Orúkọ mi nìyí. Bí ẹ bá yọ àmì rẹ̀, ẹlòmíràn ni ẹ ń pè." Wọ́n fi àmì sí i.

Owó tó ń bọ̀ láti inú gbígbọ́ orin ṣì kéré. Kò tíì tó jẹun, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta kí ẹnikẹ́ni má bàa tàn ara rẹ̀. Ibi méjì ni owó tirẹ̀ ti ń wá. Èkínní ni àwọn olólùfẹ́ tó ń dá owó fún un lóṣooṣù, ọ̀nà tí ìkànnì Patreon là láti ọdún 2013. Jack Conte tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, olórin ni òun náà, ó ná owó gọbọi sórí fídíò kan, ó sì rí i pé owó ìpolówó tí yóò padà wá kò tó nǹkan. Olórin wa ń fi àwòrán tí kò tíì kùn àti ohùn àkọ́sọ inú fóònù ránṣẹ́ sí àwọn tirẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju orin tó ti parí lọ. Èkejì ni pé ẹnu mọ́kànlá yẹn ti di iṣẹ́. Àwọn olórin mìíràn tó ń kọ Yorùbá rí ègbè náà, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn ya tiwọn. Kì í gba iṣẹ́ kankan tí kò bá kọ́kọ́ gbọ́ olórin náà kó fi ẹnu lásán sọ ọ̀rọ̀ orin, láìkọrin.

Ní àìpẹ́ yìí ó fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Kò sí ohùn nínú rẹ̀, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn. Orí kan àti ẹnu kan ni, pẹ́ńsù lásán, kò tíì kùn. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, n kò rí nǹkan kan. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ètè tèmi ti ń bá a rìn: ó pa dé, àgbọ̀n gbéra bó ṣe ń ṣí, ó tún pa dé ráńpẹ́, ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín lẹ́ẹ̀mejì, àgbọ̀n ò wálẹ̀.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i: "Ṣé 'gbé mi délé' ni?"

Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. "Òun ni, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́la."